Gómìnà, alága káńsù àti òfin: ìbéèrè tí àwọn ará Ìbàdàn ń bi mí jù

Ìpàdé lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà dí, òjò rọ̀, omi wọlé ènìyàn mẹ́ta, ni bàbá kan bá dìde, wọ́n ní ká lọ fẹjọ́ sun gómìnà kó lé alága káńsù wa kúrò kílẹ̀ tó mọ́. Ẹlòmíì ní gómìnà ò lágbára bẹ́ẹ̀ mọ́, pé Supreme Court ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnì kan tún ní irọ́ ni, ṣebí gómìnà náà ló fi alága ọ̀hún síbẹ̀. Ilẹ̀ ṣú a ò tíì parí ẹ̀. Torí pé mo ti ṣiṣẹ́ nídìí fáìlì ìjọba rí kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n ń pè lórí fóònù látìgbà náà, ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́, ni mo bá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ẹ jẹ́ n tètè sọ.

Ta ni ọ̀gá káńsù gan-an, ṣé gómìnà ni àbí Àbújá?

Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ pátápátá nínú àwọn méjèèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń wá. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 7, ní káńsù gbọ́dọ̀ wà, àwọn tí aráàlú dìbò yàn ló sì gbọ́dọ̀ máa darí ẹ̀. Abala 7 yẹn kan náà ló tún wá ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni kó ṣòfin lórí bí káńsù á ṣe rí, bí wọ́n á ṣe máa náwó àti iṣẹ́ tí wọ́n á máa ṣe. Àwọn gómìnà ka ìlà kejì yìí, wọ́n ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Àwọn alága ka ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Orúkọ káńsù 774 tó wà ní Nàìjíríà wà nínú ìwé òfin yẹn, torí náà gómìnà kankan ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ti pa ọ̀kan rẹ́.

Ọ̀yọ́ ní 33. Mọ́kànlá nínú ẹ̀ ló wà n'Ìbàdàn níbí, márùn-ún nígboro (àwọn North, North East, North West, South East àti South West yẹn, tí wọ́n gé láti ara Ibadan Municipal ní 1991), mẹ́fà tó kù ni Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Mo kà wọ́n torí pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ káńsù tí ilé tiwa gan-an wà. Ẹni tó ń gbé Òjóò á gbé ẹjọ́ lọ sí Agodi Gate, wọ́n á ní Akínyẹlé ni, kó máa lọ sí Mọ́níyà, owó ọkọ̀ ti lọ.

Ó dáa, ṣé gómìnà lè lé alága tí a dìbò yàn?

Rárá. Ìdáhùn ẹ̀ ò ṣòro, wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká mú tiwa níbí torí ojú wa ló ṣe. Ní May 12, 2018, nígbà tí Ajímọ̀bí ń ṣe gómìnà, wọ́n dìbò káńsù ní Ọ̀yọ́, alága 68 ló wọlé, torí Ajímọ̀bí ti dá káńsù ìdàgbàsókè 35 kún 33 tó wà nílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni sáà wọn. Ìbò gómìnà 2019 dé, PDP gbà á, àwọn alága APC yìí fura pé ilẹ̀ ò ní í rọgbọ, wọ́n sáré lọ sí kóòtù gíga n'Ìbàdàn, kóòtù sì ní May 6, 2019 pé kẹ́nikẹ́ni má tú wọn ká. May 29, ọjọ́ tí wọ́n ṣèbúra fún Mákindé gan-an, ó tú gbogbo wọn ká.

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. July 2020, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ àkọ́kọ́ dànù, ìjọba jó, ìjọba yọ̀, àwọn alága náà ò jáwọ́, wọ́n gbé e dé Supreme Court. May 7, 2021 ni Supreme Court wá ní ohun tí gómìnà ṣe ò bófin mu rárá, pé kí ìjọba Ọ̀yọ́ san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn láti May 29, 2019 dé May 11, 2021, ó tún bu owó ẹjọ́ mílíọ̀nù lọ́nà ogún náírà lé e. Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. Ọjọ́ keje oṣù ni wọ́n jàre, ọjọ́ kọkànlá ni sáà wọn parí. Ọjọ́ mẹ́rin! Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, OYSIEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò káńsù ní Ọ̀yọ́, ti ń ṣe ìbò káńsù míì. Orí bébà ni wọ́n ti padà sípò, ẹnikẹ́ni ò rí wọn lórí àga.

Kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan, kẹ́nikẹ́ni má bàa ní mò ń ṣe PDP tàbí APC. Gómìnà Fáyẹmí tú ti Èkìtì ká ní 2010, àwọn tí wọ́n dìbò yàn ní 2008, àfìgbà tó di December 2016 ni Supreme Court tó parí ẹjọ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ló yẹ ká mú dání: kódà bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá kọ ọ́ sínú òfin pé gómìnà lè tú káńsù ká, òfin yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, abala 7 ti borí ẹ̀. Wọ́n ti sọ irú ẹ̀ lórí ti Abia ṣáájú, ní 2014.

Tí kóòtù bá ti sọ ọ́ tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ṣe é?

Torí ó ń pé wọn ni. Ọdún mẹ́ta ni alága ń lò, ẹjọ́ tó bá lọ láti kóòtù gíga dé Supreme Court lè gba mẹ́fà bíi ti Èkìtì yẹn, nígbà tó bá máa fi parí sáà ti tán, gómìnà ti fi ìgbìmọ̀ kíátékà tiẹ̀ (àwọn tó fọwọ́ ara ẹ̀ yàn, tẹ́nikẹ́ni ò dìbò fún) síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ọ̀hún ti náwó. Owó tí kóòtù ní kí wọ́n san náà ńkọ́? Àpò ìpínlẹ̀ ló ti ń jáde, ìyẹn ni pé èmi pẹ̀lú ẹ̀yin, ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà àti awakọ̀ tó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìwó Road, àwa la san owó oṣù èèyàn 68 àti àwọn káńsẹ́lọ̀ wọn fún iṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n ṣe, a sì ti kọ́kọ́ san ti kíátékà tó jókòó síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àpò ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ni owó yẹn ti ń jáde ni, à bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.

Bàbá mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni bàbá yín sọ, Mápó gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1954 Adégòkè Adélabú di alága káńsù Ìbàdàn, kò pẹ́ ó tún di mínísítà l'Ékòó, ẹgbẹ́ NCNC ló ń ṣe. Ìjọba Western Region wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀. Ní 1955 ni ìjọba Region gbé ìwádìí kalẹ̀ lórí káńsù, wọ́n fi òyìnbó kan tó ń jẹ́ Nicholson ṣolórí ẹ̀, òyìnbó ọ̀hún kọ àbọ̀ tó le, ní 1956 wọ́n tú káńsù ká, Adélabú kọ̀wé fipò mínísítà sílẹ̀. Àwọn tiẹ̀ ní ọ̀tẹ̀ òṣèlú ni, àwọn tó kù ní owó ni wọ́n jẹ, tẹ́ ẹ bá dá a sílẹ̀ láàárín àwọn àgbààgbà Ìbàdàn lónìí ẹ máa jókòó tí wọn dalẹ́. Adélabú náà ló fi òyìnbó ńlá, "peculiar mess", sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan nílé aṣòfin, tí àwọn ará ọjà fi sọ ọ́ di Penkelemesi.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Òfin ìgbà yẹn fún ìjọba Region láṣẹ láti tú káńsù ká, síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwádìí kalẹ̀, wọ́n pe ẹlẹ́rìí, wọ́n kọ ìwé jáde kí wọ́n tó ṣe é. Tòde òní, òfin ò fún wọn láṣẹ, wọn ò ṣèwádìí kankan, ìkéde alẹ́ kan lórí rédíò, ó parí.

Ṣé a wá fi alága sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú ni? Kí ni ìpínlẹ̀ lè ṣe?

Ó pọ̀! Ohun tí mo ń bá àwọn ará àdúgbò wa jà lé lórí nìyí, wọ́n rò pé tí gómìnà ò bá lè lé e, ó ti tán nìyẹn.

Ọ́dítọ̀ àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó yàtọ̀ sí ọ́dítọ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wọ káńsù, kí wọ́n ṣí ìwé owó, kí wọ́n bèèrè fáọ́ṣà àti rìsíìtì. Tí wọ́n bá rí ibi tí owó ti sọnù, wọ́n á kọ kúẹ̀rì, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ fèsì, àbọ̀ wọn a dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ilé sì lè pe alága àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kí wọ́n wá wí tẹnu wọn. Mo mọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó lára owó oṣù ẹ̀ nítorí kúẹ̀rì tí ò rí fèsì, kò sí tẹlifíṣọ̀n tó gbé e, ṣùgbọ́n gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́, wọ́n sì ṣọ́ra fún bí ọdún méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbà káńsù náà, kì í ṣe alága ló gbà wọ́n síṣẹ́, kọmíṣọ̀n tó ń rí sí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà wọ́n, òun ló ń gbé wọn ga, òun náà ló ń bá wọn wí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Abala 308 tó ní kí wọ́n má mú gómìnà tàbí kí wọ́n pè é lẹ́jọ́ ọ̀daràn nígbà tó ṣì wà lórí oyè, kò kan alága káńsù rárá. Ààrẹ, igbákejì ẹ̀, gómìnà àti igbákejì ẹ̀, àwọn mẹ́rin yẹn nìkan ni. EFCC lè wá gbé alága láàárọ̀ ọjọ́ Monday nígbà tó ń jẹ ẹ̀kọ. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ nípò, àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹ̀ ló wà fún un, bí òfin ìpínlẹ̀ ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ wo ti Edo, December 2024. Gómìnà ibẹ̀ ní káwọn alága kó ìwé owó wọn wá, wọn ò kó o wá, gómìnà kọ̀wé sílé aṣòfin, ilé aṣòfin ní kí alága 18 àti àwọn igbákejì wọn lọ rọ́kún nílé fún oṣù méjì. Fágbèmí tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ sọ̀rọ̀ síta pé kò tọ̀nà. Lójú tèmi, kí ẹnì kan bèèrè ìwé owó aráàlú ò burú rárá, àwa náà ló yẹ ká máa bèèrè ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n fo ọ́dítọ̀, wọ́n fo kóòtù, wọ́n lọ ti ọ́fíìsì pa.

Owó káńsù, ta ló ń gbà á?

Nínú owó tí wọ́n ń pín l'Ábújá lóṣooṣù láti àpò àpapọ̀, ìpín 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti gbogbo káńsù, ìpínlẹ̀ ń gba 26.72, ìjọba àpapọ̀ gba 52.68. Ṣùgbọ́n abala 162 ní kí ti káńsù gba inú àkáǹtì àjọni kan kọjá, èyí tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Ibẹ̀ ni owó ń wọ̀ tí kì í jáde bó ṣe wọlé. Owó tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, ìwọ̀nyí a kúrò níbẹ̀, ìyẹn ò burú torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ san án, àmọ́ àwọn ohun tí wọ́n ń pè ní "iṣẹ́ àjọṣe" tó tún ń kúrò níbẹ̀, alága fúnra ẹ̀ a kàn gbọ́ ọ ni.

Ní 2019 NFIU, àwọn tó ń ṣọ́ owó tó ń wọlé jáde ní báńkì, pàṣẹ pé láti June 1 ọdún yẹn kí ìpínlẹ̀ má fọwọ́ kan owó káńsù, kí káńsù náà má sì gbà ju 500,000 náírà lọ́wọ́ lójúmọ́. Àwọn gómìnà bínú gan-an. Fágbèmí wá pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́ ní 2024, July 11 ọdún yẹn Supreme Court ní kò bófin mu kí gómìnà dá owó káńsù dúró sọ́dọ̀, kí wọ́n máa san án fún káńsù tààrà, pé káńsù tí kì í ṣe ìbò ló gbé àwọn olórí ẹ̀ dé ò gbọ́dọ̀ rí owó yẹn gbà. Ẹ máa rí i pé lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn gbogbo ìpínlẹ̀ tó ti sùn lé ìbò káńsù bá jí. Tiwa ti ṣe April 27, 2024 ṣáájú ìdájọ́, PDP kó gbogbo 33.

Àmọ́ kéèyàn dájọ́ yàtọ̀ sí kí owó wọlé. Àríyànjiyàn lórí àkáǹtì tí wọ́n máa san án sí ṣì wà nílẹ̀ títí wọ 2025. Alága tí gómìnà fà kalẹ̀, tí ẹgbẹ́ gómìnà náwó ìpolongo fún, tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ló máa fi ẹnu ẹ̀ sọ níwájú gómìnà?

Káńsù ìdàgbàsókè (LCDA) ńkọ́, ṣé káńsù gidi ni?

Kò tíì pé. Nígbà tí Lagos dá 37 kún 20 tiwọn, Ọbásanjọ́ dá owó gbogbo káńsù Lagos dúró, ẹjọ́ dé Supreme Court, December 2004 wọ́n ní Ààrẹ ò láṣẹ láti dá owó dúró, wọ́n sì ní àwọn káńsù tuntun náà ò tíì di odindi títí ilé aṣòfin àpapọ̀ á fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Torí náà owó 33 ni Àbújá ń fi ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́, inú ẹ̀ ni àwọn 35 yìí ti ń jẹ.

Àwọn ọmọkùnrin kan wá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, wọ́n ní káńsù ló rán wọn. Ṣé wọ́n láṣẹ?

Àǹtí mi, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ, ẹ bèèrè rìsíìtì, ẹ ka orúkọ tó wà lórí ẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1998 ka àwọn owó tí káńsù lè gbà: owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósì, owó ilé, owó ọjà, owó gáréèjì, owó pátákó, owó ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, owó kéèyàn di ọ̀nà fún ìnáwó (bẹ́ẹ̀ ni, ìsìnkú yín tó di ọ̀nà lánàá náà wà níbẹ̀). Òfin yẹn kan náà ní kẹ́nikẹ́ni má gbé igi dí ọ̀nà torí owó orí, pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó yẹ kó gbà á tó bá gbà á lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura tàbí kó san 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé rí nítorí ẹ̀ o.

Ibo ni kí n gbé ẹjọ́ káńsù mi lọ?

Ó dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ni wọ́n jẹ, ọ́fíìsì ọ́dítọ̀ àgbà fún ìjọba ìbílẹ̀, tàbí OYACA tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, tàbí EFCC ní Ìyágankú. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló ṣe yín bí kò ṣe yẹ, kọmíṣọ̀n tó gbà á síṣẹ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò ṣe, bíi gọ́tà tiwa, mínísírì ìjọba ìbílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè ní Sẹkitéríàtì, kẹ́ ẹ sì fún aṣòfin tó ń ṣojú yín ní kọ́pì. Ẹ má lọ sọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí ò sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ ìjọba, mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní kọ́pì méjì, kí wọ́n lu sítáǹbù sí ti yín, kí wọ́n kọ déètì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé lẹ́tà gọ́tà yẹn lọ sí káńsù kan báyìí tí mi ò ní í dárúkọ. Ìgbà àkọ́kọ́ ọ̀gá ò sí nílé. Ìgbà kejì wọ́n ní lẹ́tà ti sọnù. Ìgbà kẹta ni mo wá kọ irú míì, mo fi òfin FOI ti 2011, èyí tó ní aráàlú lè bèèrè ìwé lọ́dọ̀ ìjọba, kọ ọ́, mo ní mo fẹ́ mọ iye tí wọ́n kọ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì fún gọ́tà àdúgbò wa àti ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ọjọ́ méje lòfin fún wọn láti fèsì. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní òfin Àbújá ni, kò kan ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n Supreme Court ti ní April 2025 pé ó kan ìpínlẹ̀ àti káńsù. Ọjọ́ karùn-ún ni fóònù mi dún, ọmọdé kan tó ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn gan-an, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kó dé kóòtù." Wọ́n fún mi ní ìwé ojú kan ṣoṣo, kò pé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n kó ṣọ́bìrì wá, wọ́n gbẹ́ gọ́tà dé ìdajì ojú ọ̀nà. Ìdajì tó kù ṣì wà níbẹ̀, bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ṣé mo lè pe káńsù lẹ́jọ́ fúnra mi?

Ẹ lè pè é, káńsù dá dúró lójú òfin, ó lè pe èèyàn lẹ́jọ́, èèyàn náà lè pè é. Àmọ́ adájọ́ á kọ́kọ́ bi yín pé kí ló kàn yín níbẹ̀, ẹni tí omi wọlé ẹ̀ ní èsì ju ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Lọ́yà yín á ní kẹ́ ẹ fún wọn ní lẹ́tà ìkìlọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ kóòtù, wọn a máa fi àìsí lẹ́tà yẹn da ẹjọ́ nù.

Tẹ́ ẹ bá wá jàre tí wọn ò san owó ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí báńkì yọ owó ọ̀hún nínú àkáǹtì ìjọba, tí owó yẹn bá wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin ní kẹ́ ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ná. Ti ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ni, ẹni tí gómìnà yàn. Ẹ fi ẹ̀rín ka ìyẹn.

Ohun tó ń pa ẹjọ́ jù ni àkókò. Ẹjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré lẹ ní. Bàbá tí omi wọlé wọn tó ní ká lọ bá gómìnà yẹn, nígbà tí wọ́n fi máa bi mí, ó ti lé ní oṣù márùn-ún. Torí náà kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ mú bírò, ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibẹ̀ kí omi tó gbẹ.